Fún Ẹni Tí Yóò Gba Bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Mi ò mọ orúkọ rẹ. Mi ò tilẹ̀ mọ̀
bóyá Ìkòròdú lo ti wá tàbí Àgbádárìgì.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé o ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yìí,
ó ti dún kẹ̀ẹ́, o sì ti fò dìde.
Má fòyà. Ọdún mẹ́rin ló fi dún lábẹ́ mi, kò já.

Bí òjò bá ṣú lójú ọ̀sà, kọ orí sí ìhà ilẹ̀kùn.
Páànù òkè fèrèsé ń jò.
Mo ti sọ fún Bàbá Làmídì tó ń ṣọ́ ilé, ó ní òun ti gbọ́.
Láti ọdún kìíní mi ló ti ń gbọ́.
Abọ́ rọ́bà abẹ́ bẹ́ẹ̀dì di tìrẹ, ìwọ àti òjò.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, wàá sunkún.
Èmi náà sun ún, mo fi ìbora di ẹnu
kí àwọn tó kù má baà gbọ́,
àṣé Mọ́rádéyọ̀ tó wà lókè orí mi ń fa imú,
àṣé gbogbo yàrá ló ń sunkún,
tí oníkálukú rò pé òun nìkan ni.
Ilẹ̀ mọ́, a bọ́jú, a ń kí ara wa
bí ẹni tó sun àsùnwọra.

Ní kíláàsì, wọn ò ní pe orúkọ rẹ.
Nọ́ńbà ni wọn yóò pè.
Èmi tí ìyá mi ń kì kí n tó jí délẹ̀,
mo di Ẹ̀tàlélọ́gọ́jọ.
Mọ nọ́ńbà náà lórí, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó jẹ orúkọ rẹ.
Wá ẹnì kan, ó kéré tán,
tí yóò máa fi oríkì jí ọ lọ́jọ́ ìdánwò.

Owó oúnjẹ ńkọ́? Má ṣe bíi tèmi.
Bàtà gíga kan tàn mí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi mu gàárì lórí ọ̀rọ̀ bàtà.
Gìgísẹ̀ rẹ̀ sì kán lórí àtẹ̀gùn.

Mo fẹ́ kọ nípa ọkùnrin, mo tún pa á rẹ́.
Ìyẹn, ojú ara rẹ ni yóò sọ fún ọ.
Ṣáà má yá ẹnikẹ́ni ní ìwé àkọsílẹ̀ rẹ
bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan.
Tèmi ṣì wà lọ́dọ̀ Káríìmù títí dòní.

Ọjọ́ tí mo gba méje nínú ọgbọ̀n,
mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté, mo jókòó,
mò ń ro bí n ó ṣe di ẹrù mi.
Bàbá kan ń tún àwọ̀n ṣe. Ó bi mí pé kí ló dé.
Mo rò ó fún un, gbogbo rẹ̀, títí kan ti bàtà.
Kò gbà mí níyànjú kankan.
Ó ní, “Bá mi di etí àwọ̀n yìí mú.”
Mo dì í mú títí oòrùn fi wọ̀.
Kò ka ihò. Kò wo bó ṣe kù tó.
Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ló ń ta kókó sí.
Mo padà sí yàrá,
mo ṣí ìwé síbi tí ó ti dẹ́kun yíyé mi.

Bí ojú ọ̀run bá mọ́, jókòó lójú fèrèsé.
Wàá rí iná àwọn apẹja lórí omi, wínníwínní,
àwọn náà ò tí ì sùn.

Ìṣó ara ògiri lágbára, há aṣọ rẹ síbẹ̀.
Nígbà tí ìwọ náà bá ń lọ,
kọ tìrẹ sí ẹ̀yìn ìwé yìí, àyè ṣì wà.
Mo fẹ́ gbàgbé:
kọ́kọ́rọ́ máa ń há. Má bá a jà.
Gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ kí o tó yí i.
Yóò ṣí.

Sùwébátù, yàrá kejìlá, Ẹ̀pẹ́